Èènì Kọ́, Owó Iṣẹ́ Ni: Ìtàn Tíìpù Ọ̀ranyàn ní Ilé Oúnjẹ Dallas

Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú Dallas, bí ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bá jókòó yí tábìlì kan ká, ìlà kan yóò wà lórí ìwé owó wọn tí kì í sí lórí ìwé owó ẹni tó dá jẹun. Ìlà náà lè jẹ́ ìdá 18 nínú 100 iye oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ ìdá 20. Ilé oúnjẹ ti fi kún un kí oníbàárà tó mú owó jáde. Tíìpù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, àwa náà sì ti gba ọ̀rọ̀ náà wọ inú èdè wa. Ṣùgbọ́n tíìpù tí a kò bi ni léèrè kí a tó kà á sí ni lọ́rùn, ǹjẹ́ tíìpù ni? Bí oníbàárà bá kọ̀ láti san án, ǹjẹ́ ilé oúnjẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá?

Ìbéèrè yìí kan àwọn Yorùbá tó ń gbé Dallas àti agbègbè rẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀. Àwa kì í sábà dá jẹun lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí ọmọ bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde, bí a bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, bí àlejò bá ti ilé dé, tábìlì ńlá ni a ń gbà, òfin tábìlì ńlá yóò sì bá wa níbẹ̀. Lára wa náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àwo oúnjẹ kiri lálẹ́ kí wọ́n lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san wà, àti àwọn tó ni ilé oúnjẹ tí a ti ń ta iyán àti àmàlà, tí wọ́n ní láti pinnu bóyá kí àwọn fi ìlà yẹn sí ìwé owó tàbí kí àwọn má fi í sí i. Ẹni tó ń san án, ẹni tó ń gbà á, àti ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wá. Kò yẹ kí a dá ẹjọ́ náà láti ìhà kan ṣoṣo.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àríyànjiyàn lórí tíìpù ọ̀ranyàn kì í ṣe àríyànjiyàn lórí ìlawọ́ tàbí ahun. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ní Texas àti ní Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ ìtàn bí a ṣe ń gbé owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò ní ọrùn agbanisíṣẹ́, tí a ń gbé e sí ọrùn oníbàárà díẹ̀díẹ̀. Bí a bá lóye ìyẹn, a ó rí i pé ilé oúnjẹ lè béèrè owó ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n kò lè béèrè rẹ̀ lórúkọ ẹ̀bùn.

Èènì, owó onílù àti owó iṣẹ́

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi nǹkan tí ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbi ọjà àti níbi iṣẹ́, kò sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èènì ni ẹ̀kúnwọ́ gàrí tàbí ẹ̀wà tí ìyá ọlọ́jà ń bù lé ọjà lẹ́yìn tí ó ti wọn kóńgò tán. Kò sí nínú iye tí a ná. Ẹni tó rajà lè tọrọ rẹ̀, ó sì lè kùn bí kò bá rí i gbà, ṣùgbọ́n kò lè pe ìyá ọlọ́jà lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà ni èènì ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà. Ní ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà, ọ̀nà náà ti yí padà: ẹni tó rà ni ń bu èènì fún òṣìṣẹ́ ẹni tó tà.

Èyí tó sún mọ́ tíìpù jù lọ láàárín wa ni owó tí a ń ná fún onílù. Onílù tí a pè sí òde ayẹyẹ ń gba oríṣi owó méjì. Èkíní ni iye tí òun àti olóde jọ ná kí ọjọ́ tó pé. Èkejì ni èyí tí àlejò ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí nígbà tí ó bá fi ìlù kì wọ́n. Ojú lè ti àlejò tí kò náwó, ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè. Bí olóde bá kọ̀ tí kò san iye tí wọ́n jọ ná, tó wá sọ fún onílù pé kí ó lọ máa wá owó rẹ̀ lára àlejò, olóde ni a ó sọ pé ó jẹ gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá àlejò wí.

Owó alágbàṣe ni ẹ̀kẹta. Ẹni tó ni oko ni ń san án fún ẹni tó bá a kọ ebè. A kò gbọ́ ọ rí pé kí a sọ fún ẹni tó ra iṣu lọ́jà pé, lẹ́yìn owó iṣu, kí ó tún wá san owó alágbàṣe.

Àwọn tó fara mọ́ tíìpù ọ̀ranyàn lè fi òwe gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n oore ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ tí a gba ènìyàn sí kì í ṣe oore, ẹ̀san rẹ̀ sì kì í ṣe ìdúpẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ìtàn ni bí iṣẹ́ ṣe di oore, tí owó iṣẹ́ sì di ìdúpẹ́.

Àṣẹ Galveston àti ọkọ̀ Pullman

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1865, Ọ̀gágun Gordon Granger gbé àṣẹ kan jáde ní Galveston, ní etíkun Texas. Àṣẹ náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń rántí lọ́dọọdún pẹ̀lú àjọ̀dún Juneteenth, nítorí òun ni ó kéde fún àwọn ará Texas pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àṣẹ náà tún sọ ohun tí yóò rọ́pò ìdè ẹrú: láti ọjọ́ náà lọ, àjọṣe tó wà láàárín olówó ẹrú àti ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú yóò di ti agbanisíṣẹ́ àti alágbàṣe. Ìlérí owó iṣẹ́ wà nínú ìkéde òmìnira náà gan-an.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1867, George Pullman dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago. Ó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin tí arìnrìn-àjò lè sùn nínú rẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú láti máa tẹ́ ibùsùn, láti máa dán bàtà, àti láti máa gbé ẹrù nínú wọn. Owó tí ó ń san fún wọn kéré. Ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ti ní láti rí ìyókù, àṣà tíìpù tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ti rí ní Yúróòpù sì rí ibùdó tuntun nínú ọkọ̀ Pullman. Àwọn èrò sábà máa ń pe ìránṣẹ́ yòówù ní "George", orúkọ ọ̀gá wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Lójú Yorùbá tó mọ ohun tí orúkọ jẹ́, ìyẹn nìkan tó láti sọ irú ipò tí wọ́n wà.

Ojú irin dé Dallas ní 1872. Nígbà tí a ṣí ibùdókọ̀ Union Station ní àárín ìlú ní 1916, àṣà Pullman ti gbilẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní 1915, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti wádìí ipò òṣìṣẹ́ ti gbọ́ pé owó oṣù ìránṣẹ́ Pullman bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 27 àti sẹ́ńtì 50, àti pé tíìpù ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ró. Lára àwọn tí ìgbìmọ̀ náà pè láti wá ṣàlàyé ni alága ilé iṣẹ́ náà, Robert Todd Lincoln, ọmọ Ààrẹ Abraham Lincoln tó fọwọ́ sí ìkéde òmìnira àwọn ẹrú.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò fara mọ́ ètò yìí. Ní 1925, A. Philip Randolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn ìránṣẹ́ ọkọ̀ Pullman sílẹ̀. Ní 1927, ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ tíìpù lọ síwájú àjọ tó ń ṣàkóso ìrìn-àjò láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àjọ náà ká ilé iṣẹ́ Pullman lọ́wọ́ kò, kí ó má ṣe máa fi tíìpù rọ́pò owó iṣẹ́ mọ́. Ní 1928, àjọ náà dáhùn pé òun kò ní agbára lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò fi ìjà sílẹ̀. Ní 1937, ó fipá mú Pullman láti bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi kún owó oṣù, tó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn tí tíìpù ń bọ́ gan-an ni wọ́n jà pé kí owó iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn èrò kò lawọ́ tó. Ẹjọ́ wọn ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe fún ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ni kí ó san án.

Bí òfin ṣe sọ oníbàárà di agbanisíṣẹ́

Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbìyànjú láti fòpin sí tíìpù pátápátá. Washington ni ó kọ́kọ́ ṣòfin tako ó ní 1909, Mississippi, Arkansas, Iowa, South Carolina àti Tennessee sì ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè mú kí òfin wọ̀nyí múlẹ̀. Nígbà tí ọdún 1926 yóò fi parí, gbogbo wọn ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1938, lábẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt, òfin ìjọba àpapọ̀ fi ìpìlẹ̀ owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lélẹ̀: sẹ́ńtì 25 fún wákàtí kan. Òfin náà yọ àwọn alágbàṣe oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, kò sì kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń ṣe.

Ọdún 1966 ni a tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ìdajì ilẹ̀kùn ni a ṣí. Àtúnṣe òfin ti ọdún náà gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti ka tíìpù oníbàárà mọ́ owó iṣẹ́ tí òun jẹ òṣìṣẹ́, títí dé ìdajì owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ. Ṣíṣe òfin yìí ni ìyípadà tó ga jù nínú gbogbo ìtàn tí a ń sọ. Kí ìgbà náà tó dé, àṣà ni tíìpù jẹ́ jù lọ. Láti ìgbà náà, ó di apá kan owó iṣẹ́ tí òfin mọ̀. Oníbàárà tó rò pé ẹ̀bùn ni òun ń fún agbóúnjẹ, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá san gbèsè.

Ní 1991, nígbà tí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ jẹ́ dọ́là 4 àti sẹ́ńtì 25, ìdajì rẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san di dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13. Ní 1996, àwọn aṣòfin fi kún owó iṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gé okùn tó so owó òṣìṣẹ́ tíìpù mọ́ ọn, wọ́n sì jẹ́ kí ó dúró sí ojú kan. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ti di dọ́là 7 àti sẹ́ńtì 25 láti 2009. Ti òṣìṣẹ́ tíìpù ṣì wà ní dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi kún un fúnra wọn, ṣùgbọ́n Texas kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tí ìjọba àpapọ̀ sọ ni òun náà ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ ní Dallas lè san dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13 fún wákàtí kan, kí oníbàárà sì san dọ́là 5 àti sẹ́ńtì 12 tó kù. Bí tíìpù kò bá pé iye yẹn, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ kò bá ṣe é, òṣìṣẹ́ ni yóò béèrè rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Dallas, ìlú tí ìjẹun òde ti yí padà

Títí di 1961, aláwọ̀ dúdú lè gbé àwo oúnjẹ ní àárín ìlú Dallas, ṣùgbọ́n kò lè jókòó jẹun nínú ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó ti ń gbé e. Ní ọdún náà, lẹ́yìn ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ àti ìjíròrò láàárín ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá, méje aláwọ̀ dúdú àti méje aláwọ̀ funfun, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àárín ìlú gbà láti ṣí àga wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 wá sọ ọ́ di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọdún 1966 tí òfin tíìpù yí padà ni Norman Brinker ṣí ilé oúnjẹ Steak and Ale ní Dallas. Ó fẹ́ ilé oúnjẹ tí kì í ṣe ti olówó ńlá, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń kánjú jẹun lórí ìdúró. Ibi tí ìdílé lè jókòó kí a gbé oúnjẹ wá bá wọn láìná owó púpọ̀. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti máa gbé oúnjẹ, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì máa sọ orúkọ ara wọn fún oníbàárà. A sábà máa ń sọ pé ilé oúnjẹ rẹ̀ ni ìkíni yẹn, èyí tí a ń gbọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà lónìí, ti gbòde. Ní 1975, Larry Lavine ṣí Chili's ní òpópónà Greenville ní Dallas kan náà. Brinker ra á ní 1983, ó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá.

Èmi kò sọ pé òfin 1966 ni ó bí Steak and Ale. Ohun tí mo ń sọ ni pé irú ilé oúnjẹ tí Dallas fún ayé nílò ọ̀pọ̀ agbóúnjẹ tí ń ṣọ̀yàyà, òfin sì jẹ́ kí apá kan owó wọn ti ọwọ́ oníbàárà wá. Iye oúnjẹ tí a ń rí lórí ìwé oúnjẹ kéré nítorí pé kì í ṣe gbogbo owó ni ó wà lórí ìwé náà. Ọ̀yàyà náà sì di ohun tí òṣìṣẹ́ ń tà: ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ tí ó rẹ́rìn-ín mọ́ ọ, ó ń wá ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín òun àti "George" inú ọkọ̀ Pullman, nítorí orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ wu èrò kò yàtọ̀.

Ohun tí òfin ń pè ní tíìpù

Nígbà tí ilé oúnjẹ bá sọ tíìpù di ọ̀ranyàn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀: lójú òfin, ó ti kúrò ní tíìpù. Ní 2012, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ tún àlàyé rẹ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ṣẹ láti oṣù kìíní ọdún 2014. Tíìpù gbọ́dọ̀ wá láìsí ìpá; oníbàárà ni yóò pinnu iye rẹ̀; kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìlànà agbanisíṣẹ́ ti fi lélẹ̀; oníbàárà náà ni ó sì sábà ń yan ẹni tí yóò gbà á. Èyí tó bá yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, owó ìtọ́jú oníbàárà ni, owó ilé iṣẹ́ sì ni. Bí ó bá dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ó dé bí owó iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ mú nínú tíìpù òṣìṣẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa owó ìtọ́jú. Oníbàárà lè san ìdá 20 lọ́ranyàn, kí ó rò pé ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá ni yóò gbà á, kí ó má sì fi ohun mìíràn kún un, nígbà tí ilé oúnjẹ ti fi apá kan rẹ̀ san owó iná. Òfin owó orí ọjà Texas gbìyànjú láti dí ihò yìí díẹ̀: tíìpù ọ̀ranyàn tí kò ju ìdá 20 lọ kò ní owó orí ọjà lórí, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó tọ́jú oníbàárà. Èyí tó bá lé lórí 20 yóò san owó orí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá jẹ oúnjẹ dọ́là 240 ní Dallas, owó orí ọjà tí ó jẹ́ ìdá 8.25 nínú 100 yóò jẹ́ dọ́là 19 àti sẹ́ńtì 80. Ìdá 20 ọ̀ranyàn yóò jẹ́ dọ́là 48. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ dọ́là 307 àti sẹ́ńtì 80. Dọ́là 48 yẹn, bí ó bá dé ọwọ́ agbóúnjẹ, ó ju iye tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ san fún un fún wákàtí 22 lọ, bí ó bá jẹ́ dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13 ni ó ń san. Ẹ ó rí ìdí tí ìlà kan lórí ìwé owó fi lè da ilé rú.

Òfin tuntun ti 2025 tún fi kún ìṣòro náà. Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4, oṣù keje. Ó gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ tíìpù tí kò ju dọ́là 25,000 lọ lọ́dún kúrò nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ yóò gba owó orí lé lórí, láti 2025 títí di 2028. Ṣùgbọ́n tíìpù àtinúwá nìkan ni. Owó ọ̀ranyàn tí oníbàárà kò ní àyè láti yí padà kò sí nínú àǹfààní náà. Ìlà kan náà tó ń dáàbò bo agbóúnjẹ lọ́wọ́ tábìlì ahun lè mú kí ó san owó orí tó pọ̀ sí i.

Ní ti ìfipágbà, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rí. Ní 2004, ní Lake George ní ìpínlẹ̀ New York, a mú oníbàárà kan nítorí pé kò san ìdá 18 tí ilé oúnjẹ kà sí tábìlì rẹ̀ lọ́rùn; agbẹjọ́rò ìjọba jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, nítorí pé tíìpù jẹ́ ohun tó wà ní ìfẹ́ inú oníbàárà. Ní 2009, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Bethlehem, ní Pennsylvania, a sì tún jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan: bí ilé oúnjẹ bá fi ahọ́n ara rẹ̀ pè é ní tíìpù, ó ti fún oníbàárà ní ìdí láti kọ̀ ọ́.

Àwọ̀ ara níbi tábìlì

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún owó ọ̀ranyàn ni pé àtinúwá kì í ṣe déédéé. Ìwádìí kan tí Ian Ayres àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn awakọ̀ takisí ní New Haven, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, fi hàn pé tíìpù tí awakọ̀ aláwọ̀ dúdú ń gbà fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta kéré sí ti awakọ̀ aláwọ̀ funfun. Bí owó iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo àwọ̀ òṣìṣẹ́ kó tó san án, ìlérí Galveston kò tíì ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀ranyàn náà lè gún aláwọ̀ dúdú tó wá jẹun. Ní 1999, ní Miami Beach, ilé oúnjẹ kan fi ìdá 15 kún ìwé owó oníbàárà aláwọ̀ dúdú, kò sì fi kún ti aláwọ̀ funfun. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í fi tíìpù sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Florida. Ọ̀ranyàn tí òṣìṣẹ́ lè fi sí tábìlì tó wù ú, tí ó sì lè yọ kúrò lórí tábìlì tó wù ú, ẹ̀tanú ni ó ń fi ìwé owó bò mọ́lẹ̀. Èyí tó wà lórí gbogbo tábìlì ní iye kan náà ni kì í wo àwọ̀ ẹni tó ń gbé àwo, tí kì í sì í wo àwọ̀ ẹni tó ń jẹun.

Ìdájọ́

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé ìgbésẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, iye tí a kọ sórí ìwé oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní owó ìtọ́jú nínú tẹ́lẹ̀. Ní India, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà sọ ní 2022 pé ilé oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó ìtọ́jú kún ìwé owó lọ́ranyàn, ilé ẹjọ́ gíga Delhi sì fara mọ́ ọn ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ní Britain, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 2024 gba ilé oúnjẹ láàyè láti béèrè owó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Bí a bá kó ìtàn Texas àti ti ibòmíràn pọ̀, ìdájọ́ tí mo rí níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ilé oúnjẹ Dallas lè sọ owó kan di ọ̀ranyàn bí ó bá kọ ọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i kí ó tó pàṣẹ oúnjẹ, nítorí pé iye ọjà tí a mọ̀ ṣáájú ni a ń ná. Ó gbọ́dọ̀ pè é ní owó iṣẹ́ tàbí owó ìtọ́jú, kí ó má pè é ní tíìpù, kí oníbàárà má bàa rò pé ẹ̀bùn ni òun ṣe. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, lórí gbogbo tábìlì bákan náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, oníbàárà kò jẹ gbèsè.

Wọ́n lè bi mí pé kí agbóúnjẹ tí kò rí tíìpù lónìí ṣe báwo, nígbà tí òfin kò tíì yí padà? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn Pullman ṣe àwáwí láti dìde kúrò nídìí tábìlì láìfi nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13 ni òfin kà sí agbanisíṣẹ́ lọ́rùn, tó sì gba ìtọ́jú tán tó kọ̀ láti sanwó, òṣìṣẹ́ ni ó fìyà jẹ. Kò fi ohunkóhun pa agbanisíṣẹ́ lára. Títí òfin yóò fi yí padà, kí a máa san án, kí a sì mọ ohun tí a ń san.

Àwọn Yorùbá tó ni ilé oúnjẹ ní agbègbè Dallas ní àǹfààní láti ṣe é ní ọ̀nà tí òfin kò tíì fi dandan mú wọn: kí wọ́n kọ iye oúnjẹ tó pé, kí wọ́n san owó iṣẹ́ tó pé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ohun tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì jẹ́ ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ. Nígbà náà, bí ìyá olóúnjẹ bá bu ẹran kan lé àwo, èènì rẹ̀ ni; bí oníbàárà bá fi dọ́là márùn-ún sábẹ́ àwo, ìdúpẹ́ rẹ̀ ni; kò sì ní sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ẹnikẹ́ni yóò lè fi rọ́pò owó iṣẹ́.